Òdòdó Aláwẹ́ Mẹ́rin ní New Forest

Bí ọkọ̀ ojú irin bá kúrò ní Southampton, kì í pẹ́ dé Brockenhurst, láàárín New Forest. Ẹni tó ń retí igbó kìjikìji yóò kọ́kọ́ rí pápá gbalasa: ilẹ̀ oníyanrìn tí kò lọ́ràá, ewéko heather aláwọ̀ àlùkò, àti àwọn ẹṣin kúkúrú tó ń jẹ̀ kiri. Ilẹ̀ ọdẹ ọba ni “forest” túmọ̀ sí nígbà tí Ọba William Kìíní yà á sọ́tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1079.

Láàárín heather yìí, láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹsàn-án, òdòdó pupa rúsúrúsú bí ìyeyè kan máa ń yọ, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Tormentil ni. Ó ní ìbátan kan, creeping cinquefoil, tó jọ ọ́ bí ìbejì; fóònù pàápàá a máa ṣi ọ̀kan pè ní èkejì.

Gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ì bá ti parí ẹjọ́. Bí a bá gé e, inú rẹ̀ a pọ́n bí osùn. Òun ni àwọn ará erékùṣù Scotland, níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n, fi ń ṣe awọ ẹran nígbà kan rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bí sí Southampton, ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fà á tu kí n tó dá a dúró. Òfin England kò gbà kí a hú ewéko ìgbẹ́ láìgba àṣẹ onílẹ̀.

Ó wá ku kí a kà á bí ẹni ń ka awẹ́ obì. Aláwẹ́ mẹ́rin ni tormentil, bí obì àbàtà. Aláwẹ́ márùn-ún ni cinquefoil. Ṣùgbọ́n tormentil náà a máa yọ márùn-ún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òdòdó kan kò tó ẹ̀rí. Ẹ ka mẹ́wàá, kí ẹ sì wo ewé. Ti tormentil lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ gan-an. Ọmọ ewé mẹ́ta ló ní, àmọ́ ewé wẹ́wẹ́ méjì tó wà nídìí wọn ń mú kí ó dà bíi márùn-ún. Ibẹ̀ ló ti ń tan ojú jẹ. Ewé cinquefoil dúró lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn, ọ̀pá rẹ̀ a sì máa fà nílẹ̀, a máa ta gbòǹgbò ní oríkèé.

“Àǹtí, kí ni Yorùbá ń pè é?”

Kì í hù nílẹ̀ wa, n kò sì fẹ́ hùmọ̀ orúkọ kí n wá pè é ní ti àwọn baba wa. Mo sọ fún un pé ìrora ni ọ̀rọ̀ Látìnì tó bí “tormentil” ń sọ, nítorí pé wọ́n ń fi gbòǹgbò rẹ̀ wo inú, bí àwa náà ṣe sọ patanmọ́ lórúkọ nítorí ìṣe rẹ̀.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní aláwẹ́-mẹ́rin ni òun yóò máa pè é, ó sì padà sídìí kíkà.