Ọjọ́ tí Ọmọ-Ọmọ Mi Kọ́ Mi ní Ìdúró lórí Yìnyín

Eré kan wà ní ilẹ̀ òtútù tí a kò ní irú rẹ̀ ní Èjìgbò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ẹdẹ tàbí ní Ìwó. Wọn a wọ bàtà tó le bí òkúta, wọn a de pákó gígùn kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn a gun òkè tí yìnyín bò, wọn a sì máa yọ̀ bọ̀ láti orí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Síkì ni wọ́n ń pè é. Lọ́dọ̀ àwọn ará Norway ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́ kò sì ju igi tí a là lọ. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí, aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Èjìgbò, ẹni ọdún 62 sì ni mí lọ́jọ́ tí mo fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì wọ pákó yìí. N ó sọ ohun tí mo rí níbẹ̀ fún yín, nítorí ó kan gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn odi.

Ọ̀rọ̀ ọmọ lẹ́yìn odi kì í ṣe tuntun ní ìlú wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, débi pé bí ọdún bá dé, Faransé a máa dún ní àdúgbò wa bí ẹni pé Abidjan ni a wà. A mọ ọmọ tó ń kí ìyá-ìyá rẹ̀ ní "bonjour" kó tó rántí ìkúnlẹ̀. Ti èmi ni pé ọmọ mi obìnrin kò lọ sí Abidjan. Minnesota ní Amẹ́ríkà ni òun àti ọkọ rẹ̀ tẹ̀dó sí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe. Ní oṣù October ọdún 2023, mo lọ bá wọn gbé fún oṣù mẹ́ta.

Ọmọ ọdún 9 ni ọmọ wọn ọkùnrin nígbà náà. Ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fi í fèsì. Bí mo bá pè é, a ní "Yes, Grandma." Bí mo bá béèrè ohun tó jẹ nílé ìwé, a ní "Food." Ọ̀rọ̀ wa kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, èmi àti ọmọ yìí a sì wà nínú ilé bí àlejò méjì tó jọ ń dúró de ọkọ̀. Mo ń ka ọjọ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé n ó padà sílé láìmọ̀ ọ́n, òun náà kò sì ní mọ̀ mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní oṣù December, ìyá rẹ̀ gba ìsinmi. Ó ní òkè ti ṣí, àwọn fẹ́ gbé ọmọ lọ síbẹ̀, ṣé màmá yóò bá àwọn lọ? Mo ní, "Òkè wo ló ń ṣí bí ọjà?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Buck Hill ni wọ́n ń pe òkè náà, ó wà ní Burnsville, ní gúúsù ìlú Minneapolis, lẹ́bàá títì ńlá. Ọdún 1954 ni wọ́n ti ń ṣeré síkì níbẹ̀. Ẹni tó bá ti gun òkè Ìdànrè rí yóò fi í rẹ́rìn-ín, nítorí láti orí rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300 lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé koríko ẹ̀bá ọ̀nà gbẹ, ó sì pọ́n bí ti wa nígbà ọyẹ́. Nígbẹ̀yìn, ìgbà òtútù ọdún 2023 sí 2024 ló móoru jù ní ìpínlẹ̀ náà nínú gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lára òkè yìí, ojú ọ̀nà funfun díẹ̀ ti òkè wá sí ìsàlẹ̀, bí ẹni tẹ́ àlà sórí ilẹ̀ pupa. Ẹ̀rọ ló ṣe yìnyín náà. Wọ́n ń fi atẹ́gùn líle fọ́n omi sókè, ẹ̀kán omi a fọ́ sí wẹ́wẹ́, a sì dì kí ó tó kanlẹ̀. Ó máa ń dára bí òtútù bá ti lọ tó ìwọ̀n Celsius 2 sísàlẹ̀ òdo, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ dáadáa, wọ́n lè ṣe é kí ó tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ èyí nílé. Ìgbà ọyẹ́ ni omi àmù máa ń tutù jù, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi kúrò lára ìkòkò, omi náà sì ń gbé ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí fún ẹ̀kán omi tí ẹ̀rọ fọ́n. Mo wí nínú ara mi pé àwọn oníṣòwò nìyí. Wọn kò dúró de ojú ọ̀run kó tó gbé ọjà wá fún wọn. Àmọ́ nítorí pé ìgbà eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà díẹ̀ ló ṣí. Wọ́n ta okùn dí àwọn yòókù.

A wọ ilé tí wọ́n ti ń háyà bàtà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí ní ọjọ́ orí mi, ó bi mí bí mo ti ga tó, ó sì bi mí bí mo ti wúwo tó, níṣojú gbogbo èrò! Mo wo ojú ọmọ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ sọ òótọ́ o, torí ẹsẹ̀ yín ni." Ó ṣàlàyé pé irin kan ló de bàtà mọ́ pákó, ìwọ̀n ara àti ọjọ́ orí ni wọ́n sì fi ń mọ bí wọn yóò ti dè é le tó. Bí ènìyàn bá ṣubú tí ẹsẹ̀ fẹ́ lọ́, irin náà ní láti tú bàtà sílẹ̀. Bí ó bá le jù, kò ní tú, ẹsẹ̀ ni yóò ṣẹ́. Bí ó bá dẹ̀ jù, yóò tú nígbà tí kò yẹ. Mo sọ òótọ́. Mo béèrè iye tí owó gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní náírà, ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ má ṣírò o." Mo ṣí gèlè, mo dé akoto, mo bọ́ ìró, mo wọ ṣòkòtò. Ká ní àwọn ẹgbẹ́ mi ní ọjà rí mi lọ́jọ́ náà, wọn ì bá béèrè ẹni tí í ṣe egúngún yìí.

Ọmọ náà ti kọ́ síkì ní ọdún tó ṣáájú. Mo rò pé yóò bá bàbá rẹ̀ lọ sí òkè gíga, kí ó fi èmi àti ìyá rẹ̀ sí ibi àwọn akọ́ṣẹ́. Kò lọ. Ó wá dúró níwájú mi, ó kọjú sí mi, ó ní, "Grandma, pizza!" Mo ní ebi kò pa mí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yìnyín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀: kí imú pákó méjèèjì súnmọ́ra níwájú, kí ìdí wọn jìnnà síra lẹ́yìn, bí ègé àkàrà òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní pizza. Mo wò ó, mo ní, "Òrùlé nìyẹn." Ó ní kí ni òrùlé? Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì ṣe é fún un, mo ní orí ilé. Ó fi ẹnu wò ó, ó ní, "Òrùlé." Bí pákó bá lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo ní ìyẹn ni òpó méjì. Ó gba ìyẹn náà.

Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin òǹkàwé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn nínú eré yìí kì í ṣe eré sísá, ìdúró ni. Bí òrùlé bá ti fẹ̀ tó ni pákó ń rọra tó, nítorí etí pákó ń họ yìnyín, ó sì ń dá ara dúró. Èkejì ni pé a kò gbọdọ̀ fà sẹ́yìn. Ẹ̀rù a máa mú kí akọ́ṣẹ́ fi ara sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iwájú pákó kò ní di ilẹ̀ mú mọ́, pákó a sì sá lọ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Kí orúnkún tẹ̀ síwájú, kí ojúgun kan ahọ́n bàtà, kí ojú máa wo ibi tí à ń lọ. Ẹni tó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè ni òkè ń gbọ́ràn sí lẹ́nu.

Ẹní kan tó ń rìn fúnra rẹ̀ ló gbé wa gòkè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀, ara mi sì fẹ́ fà sẹ́yìn. Mo pariwo pé, "Yéè!" Ọmọ náà ń bá mi lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń kígbe, "Òrùlé, Màmá àgbà! Òrùlé ńlá!" Mo tẹ orúnkún, mo ya ẹsẹ̀, mo sì dúró. N kò mọ èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù, bóyá ìdúró ni, tàbí orúkọ tó fi pè mí. Títí di ọjọ́ yẹn, "Grandma" ni mo ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi hàn mí bí a ti ń fi ẹ̀gbẹ́ jókòó dípò kí a fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Mo kọ́ ọ ní "rọra" àti "dìde" àti "ó ku díẹ̀." Àwọn àgbà kò purọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Bàbá rẹ̀ sọ fún mi pé òkè kékeré yìí ni Lindsey Vonn ti kọ́ síkì ní kékeré, obìnrin tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú eré ìsọ̀kalẹ̀ òkè ní Vancouver ní ọdún 2010. Kò ṣòro fún oníṣòwò láti lóye rẹ̀. Òkè tó kúrú, ọmọ lè gùn ún, kó sì sọ̀ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ní ìrọ̀lẹ́ kan. Ọjà kékeré tó ń yá ni í sọ ènìyàn di ọlọ́jà ńlá. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé eré yìí kò kan ọmọ adúláwọ̀. Lamine Guèye ará Senegal ti sọ̀kalẹ̀ òkè níbi Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Sarajevo ní ọdún 1984. Ní ọdún 2018, Nàìjíríà lọ sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Pyeongchang ní Kòríà. Seun Adigun àti Simidele Adeagbo wà lára àwọn obìnrin mẹ́rin tó ṣojú wa níbi eré ọkọ̀ orí yìnyín.

Láti ọjọ́ náà títí mo fi padà wálé ní January, ọmọ yìí kì í jókòó jìnnà sí mi mọ́. Bí ó bá kọ́ mi ní nǹkan kan nínú fóònù mi, èmi náà a kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kan. N kò ní parọ́ fún yín pé ó ti gbọ́ Yorùbá tán. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, òun fúnra rẹ̀ ni í pè mí, ó sì ń bi mí pé, "Màmá àgbà, ṣé ọyẹ́ ti dé?"

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọmọ-ọmọ yín ń bọ̀ láti Abidjan tàbí láti Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún, ẹ má fi ìbáwí èdè pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ béèrè ohun tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ sì ní kó kọ́ yín, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ orin, ìbáà jẹ́ ohun tí ẹ kò rí rí. Bí ó bá ti ń kọ́ yín, yóò máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi kọ́ yín. Ẹ tètè fi tiwa sí i lẹ́nu.