Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Ó Wọ Bàtà Omi

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, mo mọ̀ pé o ti rí ọkọ̀ òfuurufú tí ń kọjá lókè lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n bóyá ni o ti gbọ́ rí pé àwọn ènìyàn kan wà tí ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfuurufú nínú ọgbà ilé wọn, tí wọ́n sì ń wọ inú rẹ̀ fò. Èyí kì í ṣe ìtàn àròsọ. Ilé-iṣẹ́ kan yóò gé páànù fún wọn, yóò lu ihò sí i, yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí pákó, yóò sì fi ìwé ìtọ́sọ́nà lé e. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ gé aṣọ tán tí kò rán an: ọwọ́ aṣọ wà níbẹ̀, ọrùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ni yóò jókòó ti abẹ́rẹ́. Ìránṣọ náà lè gba ọdún méjì, ó sì lè gba mẹ́wàá. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé iṣẹ́ tí ó ju ìdajì lọ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ àwọn tí ń kàn án fún ẹ̀kọ́ tàbí fún ìgbádùn ara wọn wá. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìjọba kò ní fún un ní ìwé àṣẹ ọkọ̀ àfọwọ́kàn.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan ni èyí. Ní Kàdúná, ilé-iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ ti Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Òfuurufú Nàìjíríà mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan, RV-6A, tí ilé-iṣẹ́ Van's Aircraft ti Amẹ́ríkà ń tà nígbà náà fún àwọn tí ń kàn án nílé. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Air Beetle. Ní 1988 ni ó kọ́kọ́ fò. Ènìyàn méjì ni ó ń gbà, a sì ṣe é kí àwọn ọmọ ogun tí ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lè fi kọ́ṣẹ́. Ní ilẹ̀ Ghana pẹ̀lú, ní Kpong tí kò jìnnà sí odò Volta, ọmọbìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Patricia Mawuli lọ bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan. Igbó ṣíṣán àti kùkùté yíyọ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń kan ọkọ̀, tí ó kọ́ bí a ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí ó kọ́ bí a ti ń fò, títí òun náà fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn.

Jẹ́ kí n mú ọ dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbà mí lọ́kàn jù. Apá ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe pákó gbọọrọ kan. Egungun wà nínú rẹ̀ bí egungun ìhà ẹja, páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni awọ rẹ̀, ìṣó kéékèèké tí àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní rífẹ́ẹ̀tì ni ó sì so awọ mọ́ egungun. Ìṣó yìí kò ní ẹnu ṣóńṣó. Ẹnì kan yóò ti ìta lù ú, ẹnì kejì yóò di irin wúwo mú ní inú, kí ìdí ìṣó náà lè tẹ́, kí ó sì di orí kejì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni ó wà lára ọkọ̀ kan. Nígbà mìíràn ọwọ́ ẹni tí ó wà ní inú a yẹ̀, ìdí ìṣó a sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ni a ó ṣe? A lè fi ẹ̀rọ ìluhò yọ ọ́, kí a fi òmíràn sí i. A sì lè dákẹ́, kí a máa bá iṣẹ́ lọ, nítorí bí a bá ti pa ẹnu apá náà dé, ojú ẹnikẹ́ni kò ní tún tó ibẹ̀ mọ́. A ó kun ọkọ̀ náà, yóò máa dán, àwọn aládùúgbò yóò sì wá yìn wá.

Dúró díẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tí ń kan àga fún títà lè sọ nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí ó bá rà á ni yóò mọ̀. Ẹni tí ń jí ìwé wò nínú ìdánwò rò pé olùkọ́ ni òun tàn. Ṣùgbọ́n ta ni ẹni tí ń kan ọkọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ yóò gùn fẹ́ tàn? (Àwọn kan yóò dáhùn pé ènìyàn a máa tan ara rẹ̀. Òótọ́ ni, ojoojúmọ́ ni a ń ṣe é ní orí ilẹ̀, níbi tí ìṣubú kò ti jìn.) Síbẹ̀, kí o má bàa rò pé ìtara nìkan tó, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà a máa sọ pé ìṣó tí ó yẹ̀ díẹ̀ sàn ju ihò tí a ti bàjẹ́ lọ, nítorí ẹ̀rọ ìluhò ní ọwọ́ aláìfarabalẹ̀ a máa fẹ ihò ju bí ó ti yẹ. Nítorí náà kì í ṣe ẹni tí ó yọ ìṣó púpọ̀ jù ni olóòótọ́ jù. Ohun tí ó yẹ ni kí ó tan iná sí i, kí ó fi ìwọ̀n inú ìwé wọ̀n ọ́n, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú.

Bí ọkọ̀ náà bá ń bà sí orí ilẹ̀ nìkan, táyà ni yóò fi ṣe ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn a yọ táyà náà, wọ́n a sì wọ̀ ọ́ ní bàtà méjì tí ń léfòó, tí ó rí bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí a dé lórí. Èmi tí mo ń gbé ní Lakowe, tí òkun wà ní gúúsù wa tí ọ̀sà sì wà ní àríwá, n kò lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n má fetí sí i. Kì í kúkú ṣe ohun àjèjì sí ọ̀sà Èkó: nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ńlá ti BOAC tí ń fi ikùn wọn jókòó lórí omi a máa bà síbẹ̀. Ti oníbàtà kéré ju ìyẹn lọ púpọ̀.

Wo ìṣirò rẹ̀. Bí ọkọ̀ àti gbogbo ẹrù inú rẹ̀ bá wọn 700 kìlógíráàmù, o lè rò pé bàtà méjèèjì yóò tó bí wọ́n bá lè gbé 700. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé rárá, kí a fi 80 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Èyí di 1,260, tí ó túmọ̀ sí 630 fún bàtà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan, bàtà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tóbi tó ohun tí ó gba 630 lítà. Kò tán síbẹ̀. Títí di 2017, òfin náà tún sọ pé a gbọ́dọ̀ pín inú bàtà kọ̀ọ̀kan sí yàrá mẹ́rin, ó kéré tán, tí omi kò lè ti inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kí ó má bàa dojúdé bí méjì nínú wọn bá tilẹ̀ kún.

Bàbá àgbà kan wà tí mo máa ń wò bí ó ti ń kan ọkọ̀ ní etí ọ̀sà. Ní ọjọ́ kan, apẹja kan tí ó ni ọ̀kan nínú wọn dé, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kùn ún kí n máa gbé e lọ, ọ̀la ni ọjọ́ ọjà.” Ó tún fi owó kún owó. Bàbá náà kò bínú, kò sì wo owó náà. Ó ní, “Ọmọ mi, omi kò tíì sọ tirẹ̀.” Ó pọn omi kún inú ọkọ̀ náà lórí ìyàngbẹ ilẹ̀, ó sì lọ jókòó sí abẹ́ igi àgbọn. Kò pẹ́, omi yọ bí omijé ní ojú ibi méjì tí òwú kò ti wọ ìpàdé pákó dáadáa. Apẹja náà wò ó títí, ó ká owó rẹ̀ kò, ó sì jókòó tì í.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ òfuurufú ẹlẹ́ńjìnnì gbéra láti ojú omi ni Henri Fabre, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 1910. Étang de Berre, níbi tí ó ti ṣe é, jẹ́ ọ̀sà tí ó ní ọ̀nà sí òkun, bí tiwa gan-an. Kò tíì wa ọkọ̀ òfuurufú kankan rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Omi a máa fa ohun tí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ra. Nítorí èyí ni a ṣe ń gé ìsàlẹ̀ bàtà sókè lójijì ní àárín bí àtẹ̀gùn, kí afẹ́fẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí omi sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀sà bá dákẹ́ rọ́rọ́ bí dígí, tí ìwọ àti èmi yóò sọ pé ojú ọjọ́ dára, ọjọ́ náà gan-an ni awakọ̀ ń bẹ̀rù, nítorí kò rí ojú omi mọ́. Ọ̀run ni ó ń rí níbẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá mítà mẹ́wàá ni ó kù tàbí ọ̀kan. A máa súnmọ́ etí omi, kí ó lè fi igi díwọ̀n bí òun ti ga tó, a sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí bàtà yóò fi kan omi. Bí ó bá ti orí omi iyọ̀ dé, omi tútù lásán ni a ó fi fọ gbogbo ara ọkọ̀ náà, nítorí iyọ̀ a máa jẹ alumíníọ̀mù.

Ní Alaska àti ní Kánádà, omi kan náà yìí a máa di òkúta nígbà òtútù, yìnyín funfun a sì bo gbogbo ilẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni wọn yóò bọ́ bàtà omi ní ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fi pákó tàbí irin pẹrẹsẹ méjì tí ń yọ̀ lórí yìnyín rọ́pò rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń di iwájú àti ẹ̀yìn bàtà yìí mú, kí ẹnu rẹ̀ má bàa dorí kodò lójú òfuurufú. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n a to ẹ̀ka igi sí abẹ́ rẹ̀ kí ó má bàa dì mọ́ ilẹ̀ títí di òwúrọ̀. Láyé àtijọ́, awakọ̀ a tilẹ̀ fa epo inú ẹ́ńjìnnì jáde lálẹ́, a gbé e wọlé, a sì gbé e kaná kí ó tó dà á padà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí èyí ní Lakowe nínú oòrùn oṣù Kẹta.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irú ọkọ̀ yìí fò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tí ìjọba fi ṣọ́ òfuurufú. Ní tiwa, NCAA ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó kan ọkọ̀ a máa fi wákàtí 25 tàbí 40 dán an wò kí ó tó lè gbé èrò kankan sínú rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá sì kọjá, iṣẹ́ òwúrọ̀ kò yẹ̀. Awakọ̀ yóò rìn lórí bàtà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pọ́ǹpù ọwọ́, yóò ṣí ìdérí yàrá kọ̀ọ̀kan, yóò fa omi tí ó bá wà níbẹ̀, yóò sì máa ka iye ìgbà tí ó fà á. Ìgbà méjì tàbí mẹ́ta kò burú. Ṣùgbọ́n bí yàrá kan tí ó gbà á ní ìgbà mẹ́ta lánàá bá gbà á ní ogún lónìí, yóò so okùn ọkọ̀ náà padà mọ́ òpó, yóò sì lọ gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.