Nọ́ńbà Ẹ̀yìn Aṣọ Yẹ́lò

Bí àlejò bá wọ Kútọnù, aṣọ yẹ́lò ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn ará Akpakpa bá ń sọdá afárá lọ sí ìhà Dantokpa, alùpùpù a kún ojú títì bámúbámú, aṣọ yẹ́lò àwọn ọlọ́kadà a sì máa yọ láàárín wọn níhìn-ín lọ́hùn-ún. Zémidjan ni orúkọ wọn níbí. Zem ni a ń pè wọ́n ní ṣókí. Zem kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tí ìjọba ìlú fún un, wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sẹ́yìn aṣọ rẹ̀, níbi tí èrò tó jókòó lẹ́yìn yóò ti máa wò ó títí wọn yóò fi dé ibi tí wọ́n ń lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló gbé mi wá síbí láti Ìbàdàn, kí Nàìjíríà tó ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019. Nínú gbogbo ohun tí ìlú àjò yìí ti fi hàn mí, nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ yẹn ni mo rò pé ó yẹ kí n sọ fún àwọn ará ilé.

Ìyà ló bí iṣẹ́ zem. Lẹ́yìn ọdún 1980, nígbà ìjọba Ààrẹ Mathieu Kérékou, ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè Benin dẹnu kọlẹ̀. Ìjọba dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ dúró, àwọn báńkì ìjọba wó lulẹ̀, òṣìṣẹ́ sì ń retí owó oṣù tí kò dé. Ẹni tó jáde ní yunifásítì tí kò ríṣẹ́, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, àgbẹ̀ tí oko kò bọ́ ọ mọ́, gbogbo wọn gbé alùpùpù jáde láti máa fi gbé èrò. Nígbà tí àpérò gbogbogbòò orílẹ̀-èdè náà wáyé ní Kútọnù ní oṣù kejì ọdún 1990, tí àwọn aṣojú ara ìlú fi ẹnu ọ̀rọ̀ lásán yí ètò ìjọba padà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, zem ti di ohun tí ìlú fi ń rìn. Ìjọba ìlú wá kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, ó sì fún wọn láṣọ tí gbogbo ènìyàn fi lè dá wọn mọ̀.

Ẹ̀yìn zem ni àlejò ti ń kọ́ ìlú yìí. Wàá dúró lẹ́bàá títì, wàá ké "Kẹ̀kẹ́nọ̀!", ọ̀kan á sì yà sí ọ lẹ́sẹ̀. Kò sí gígùn ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Ẹ óò kọ́kọ́ kí ara yín, wàá sọ ibi tí ò ń lọ, yóò dá owó lé e, ìwọ náà yóò dá tìrẹ. Bí owó rẹ bá kéré jù, yóò mi orí, yóò sún síwájú díẹ̀, yóò sì tún wẹ̀yìn wò bóyá wàá fi nǹkan kún un. Owó wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí kò sí ẹni tí yóò rí ṣéńjì ìwé 10,000 sẹ́fà fún ìrìn tí kò ju 300 sẹ́fà lọ láàárọ̀. Júwejúwe ọ̀nà tún wà níbẹ̀. Nọ́ńbà ilé kọ́ ni àwọn ará Kútọnù fi ń júwe ilé wọn. Von ni wọ́n ń pe àwọn òpópónà kéékèèké àárín àdúgbò, júwejúwe wọn sì máa ń lọ báyìí pé: von tó kọjú sí ilé oògùn, tí a bá ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta ògì, apá òsì, géètì aláwọ̀ ewé. Ohun tí èyí ń ṣe fún àjèjì ni pé kò lè délé láìbá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣa èdè Fọn jọ. "A fọ́n gánjí à?" ni mo kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé láàárọ̀ ni mo ń jáde, "Nàbí?" tí a fi ń béèrè iye ló tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn, zem tí mo ń fi Faransé tó ń gún mi lẹ́nu bá sọ̀rọ̀ á dá mi lóhùn ní Yorùbá pé, "Àǹtí, ṣé Nàìjíríà lẹ ti wá ni?" Ọmọ Kétu ni, tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí Pobè, àwọn ìlú tiwa tí ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà lọ́dún 1889 fi sí òdìkejì. Ọ̀kan nínú wọn tí mo sábà máa ń bá lọ síbi iṣẹ́ sọ fún mi pé òun ń dáko ní Kétu nígbà òjò, pé bí iṣẹ́ oko bá ti dín kù lòun ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Kútọnù. Alùpùpù tí ó ń gùn kì í ṣe tirẹ̀. Ó ní iye tí ó gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ín lójoojúmọ́, yálà èrò wà tàbí èrò kò sí. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí iyẹn àti owó epo ni ti ìyàwó àti ọmọ. Ó ní ìbàdí òun kì í jẹ́ kí òun sùn lálẹ́. Mo ti jókòó lẹ́yìn ọkùnrin yìí fún ìgbà pípẹ́ kí n tó gbọ́ èyí. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún àwa tí à ń gbé ìlú onílùú: àwọn ènìyàn kan ń gbé wa pọ̀n lójoojúmọ́, a kì í sì í mọ bí ọ̀nà ti jìn sí lẹ́sẹ̀ wọn.

Àwọn obìnrin ìlú yìí ló fà mí kúrò lẹ́yìn, tí wọ́n fi mí síwájú. Ní Ìbàdàn, bí obìnrin bá ń gun alùpùpù fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò yíjú wò ó. Ní Kútọnù, kò sí ẹni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ń gbé tirẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, akọ̀wé ń gbé tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì, ìyá ọmọ fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó ró ìró rẹ̀ dáadáa, ó ń lọ. Ìyá tó ni ilé tí mo ń gbé ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ agbọ̀n tòmátò ni ó ń dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀ lọ sí ọjà Dantokpa. Òun ló sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ yá ẹsẹ̀." Lọ́jọ́ Àìkú, ó mú mi lọ sórí ilẹ̀ oníyanrìn nítòsí etí òkun ní Fidjrossè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mi.

Ohun tó kọ́kọ́ fi kọ́ mi ni ojú. Ó ní ibi tí ojú bá ń lọ ni alùpùpù ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò ni yóò já sí, nítorí náà ibi tí mo fẹ́ gbà ni kí n máa wò. Ó ní nínú yanrìn, n kò gbọdọ̀ tẹ bíréèkì iwájú lójijì, kí n jẹ́ kí ẹ̀rọ máa fà mí lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí n má sì di ọwọ́ mú un pinpin. Ó ní kí n máa wo táyà iwájú ọkọ̀ kí n tó wo sígínà rẹ̀, pé táyà ni kì í purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó mú mi dé ojú títì ńlá, níbi tí wọ́n ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwa alùpùpù, tí a ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa ní iwájú iná bí ó ti ń pọ́n.

Níbẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun tí n kò rí nígbà tí mo jẹ́ èrò. Àwọn ènìyàn ń ṣọ́ mi. Bí etí ìró mi bá ń súnmọ́ táyà, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí á sáré bá mi, á sì pariwo "Pagne! Madame, le pagne!" títí n ó fi ká a sókè. Bí mo bá gbàgbé láti ká irin tí a fi ń dá alùpùpù dúró, èrò tó wà lẹ́yìn zem kan á na ìka sí i. Bí iná mi kò bá tàn lálẹ́, ọmọdé tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà á ké sí mi. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó béèrè ibi tí mo ti wá kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Orí alùpùpù ni ara gbogbo wa wà níta, bí ẹnìkan bá ṣubú, ó lè wó lu ẹlòmíràn, ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ń ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Mo gbé ìlú yìí pẹ́ kí n tó gun alùpùpù, ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn tí n kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ìró mi ni ọkàn mi tó balẹ̀ níbẹ̀.

Epo tí mo ń rà, ilé wa ló ti ń wá. Ní ìkóríta àdúgbò mi, obìnrin kan jókòó sábẹ́ agbòòrùn pẹ̀lú ìgò epo lóríṣiríṣi. Aṣọ fẹ́lẹ́ ló fi ń sẹ́ epo sínú táńkì. Kpayo ni wọ́n ń pe epo yìí, láti Nàìjíríà ni wọ́n ti ń kó o wọlé láìgba àṣẹ. Nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti parí, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí owó kpayo fi fò sókè ní Kútọnù, àwọn zem sì ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀ nílé wa, bí ẹni pé àbúrò Ààrẹ ni mí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, iná jó ibi tí wọ́n ń kó irú epo bẹ́ẹ̀ sí ní Sèmè-Kraké, nítòsí ẹnubodè, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ọgbọ̀n. Àwọn tó ń ta kpayo kò ní nọ́ńbà lẹ́yìn aṣọ. Gbogbo ìlú ń ra ọjà wọn, òfin kò mọ̀ wọ́n, ọjọ́ tí iná jó ni wọ́n tó kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn ló jẹ́ kí n mọ ìwúlò nọ́ńbà zem.

Àwa àjèjì náà mọ bí ó ṣe ń rí kí ènìyàn má ní nọ́ńbà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe lọ́dún 1979 fún wa láàyè láti wọ ilẹ̀ ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ jókòó ju bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Kí n tó gba tèmi, ẹ̀rù tó máa ń bà mí lórí alùpùpù kì í ṣe ti ikú. Ohun tí mo ń rò ni pé bí mo bá ṣubú ní Godomey, ta ni yóò mọ ilé tí wọn yóò gbé mi lọ? Lọ́jọ́ tí wọ́n fi káàdì náà lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú àwòrán mi àti nọ́ńbà mi, ọmọ Kétu yẹn ni mo rántí. Ó máa ń ráhùn lórí owó tó ń san fún ìlú, ó sì tọ́ kó ráhùn, ṣùgbọ́n kò jẹ́ wọ aṣọ mìíràn lé yẹ́lò rẹ̀. Ẹni tí ìlú bá fún ní nọ́ńbà, ìlú ti gbà pé bí ó bá ṣubú, ẹnìkan ní láti béèrè rẹ̀.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà ní Èkó fi ń dùn mí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìjọba lé wọn kúrò ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n tún fi òfin dè wọ́n pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkẹjà, Sùúrùlérè àti Apápá wà lára wọn. Wọ́n sì fi katakátá fọ́ alùpùpù tí wọ́n gbà túútúú níṣojú gbogbo ayé. Mi ò sọ pé ìjọba kò ní ẹjọ́. Ẹsẹ̀ tí ọ̀kadà ṣẹ́ pọ̀, ẹ̀mí tó ti bá a lọ pọ̀, àwọn jàǹdùkú náà sì ti fi ṣiṣẹ́ ibi. Kútọnù pàápàá kò tíì pé: zem ń dé akoto, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò tí wọ́n ń gbé kì í dé nǹkan kan, ó sì yẹ kí ìjọba ibẹ̀ mójú tó o. Síbẹ̀, n kò gbọ́ pé wọ́n wá ọkùnrin tí wọ́n fọ́ alùpùpù rẹ̀ kàn láti fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Àgbẹ̀ ni ó lè jẹ́, bíi ọmọ Kétu yẹn, tàbí ẹni tó ti jáde ilé ìwé gíga.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó nǹkan. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà sẹ́yìn aṣọ wọn, ẹ ya apá kan ojú títì sọ́tọ̀ fún wọn, ẹ fi akoto dé orí awakọ̀ àti èrò. Ẹni tó bá rú òfin lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹ ó fi mú un, àwọn yòókù á sì máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi ńkọ́, ní Kútọnù tàbí níbikíbi? Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́, ẹ san owó rẹ̀ pé, kí ẹ sì máa sọ fún un nígbà tí etí aṣọ rẹ̀ bá ń súnmọ́ táyà.