Gbọ̀ngàn Àwọn Aṣojú àti Ipò Gómìnà Tí Kò Dé Gúúsù Èkìtì

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, títí di ìgbà tí Bíọ́dún Oyèbánjí búra wọlé ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ènìyàn márùn-ún ni ìbò, tàbí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ lórí ìbò, ti gbé dé ipò gómìnà níbẹ̀. Níyì Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn. Ayọ̀délé Fáyóṣé, ọmọ Àfàò. Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn. Àti Oyèbánjí fúnra rẹ̀, ọmọ Ìkọ̀gòsì. Mẹ́ta wá láti Àárín Gbùngbùn Èkìtì, méjì láti Àríwá. Gúúsù, níbi tí Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ẹmùré àti Ìgbàrà-Odò wà, kò rí ẹyọ kan.

Ẹjọ́ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbàkúùgbà tí ìdìbò bá ń bọ̀ ni àwọn àgbààgbà Gúúsù máa ń sọ pé ó kan àwọn, àwọn ará ibòmíràn a sì dá wọn lóhùn pé kí wọ́n lọ wá ìbò. Ìdáhùn náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò bá bí nǹkan ṣe rí mu. Kí bébà ìdìbò tó dé ọwọ́ àgbẹ̀ kòkó ní Ìgbàrà-Odò, ẹlòmíràn ti dìbò ṣáájú rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tí ẹnikẹ́ni kò pè é sí.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 177, sọ pé ẹni tó bá fẹ́ di gómìnà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹgbẹ́ náà sì fà á kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá dúró kò láyè. Bí gbogbo Gúúsù bá fẹnu kò lórí ọmọ wọn kan, tí ẹgbẹ́ kankan kò fún un ní àsíá, orúkọ rẹ̀ kò ní dé orí bébà. (Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tilẹ̀ sọ ọ́ kedere ní oṣù kẹwàá ọdún 2007 pé ẹgbẹ́ ni aráàlú dìbò fún, bẹ́ẹ̀ ni Rotimi Amaechi ṣe di gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers láìjẹ́ pé òun ló díje lọ́jọ́ ìbò.) Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2018, ẹgbẹ́ 35 ló díje ní Èkìtì. Fáyẹmí ti APC rí ìbò 197,459, Kọ́lápọ̀ Olúṣọlá ti PDP rí 178,121. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ni àwọn 33 yòókù pín láàárín ara wọn bí ẹni pín ẹran ìgbín. Ẹni tí kò bá gba àsíá ọ̀kan nínú méjì yẹn, eré ọmọdé ló ń ṣe.

Ọdún yẹn gan-an ni Gúúsù sún mọ́ ipò náà jù lọ, bí ó sì ṣe lọ yẹ ní rírántí. Nígbà tí PDP ṣe ìdìbò abẹ́nú wọn ní oṣù karùn-ún, ọmọ Gúúsù méjì ló kù sójú agbo. Ọ̀kan ni Olúṣọlá, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, igbákejì gómìnà nígbà náà, ẹni tí Fáyóṣé ti na ọwọ́ rẹ̀ sókè ní gbangba láti ọdún tó ṣáájú. Èkejì ni Dáyọ̀ Adéyẹyè, ọmọ Ìsẹ̀, mínísítà àná. Èyíkéyìí tó bá já mọ́ lọ́wọ́ nínú wọn, Gúúsù ló jẹ ẹ́. Olúṣọlá rí nǹkan bí ìbò 1,190, Adéyẹyè rí nǹkan bí 770. Àpapọ̀ àwọn tó yan ẹni tí PDP fà kalẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún méjì, nínú ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ méjèèjì ti rí ìbò tó lé ní 375,000 ní oṣù méjì lẹ́yìn náà.

Adéyẹyè kò gba àbájáde yẹn. Kò pẹ́ tó fi palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ sí APC. Nígbà tí ìdìbò gan-an dé, ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ọmọ wọn, Ìsẹ̀/Ọ̀rùn tẹ̀ lé APC. Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, níbi tí Ìgbàrà-Odò wà, tẹ̀ lé APC pẹ̀lú. Ìbò 19,338 ni Fáyẹmí fi ju Olúṣọlá lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Gúúsù ìbá gbà á ká ní Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ jọ rìn, nítorí owó oṣù tí ìjọba Fáyóṣé jẹ àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ wà lọ́kàn ènìyàn púpọ̀, tí àwọn kan sì ń gba owó lójú ọ̀nà ibùdó ìdìbò, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ ní Èkìtì lọ́dún náà pé "dìbò kí o sebẹ̀". Ṣùgbọ́n ìjà tó tú wọn ká, inú gbọ̀ngàn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ti APC kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn 33 ló du àsíá wọn lọ́dún kan náà. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún, rògbòdìyàn tú ìbò náà ká ní Adó, wọ́n dojú àpótí ìbò bolẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún un ṣe: Fáyẹmí 941, Ṣẹ́gun Òní 481.

Àwọn kan a máa fi àwọn aṣojú yìí wé afọbajẹ, wọn a ní ìwọ̀nba ènìyàn náà ló ń yan ọba. Àfiwé náà kò gún. Nínú ìlú tí ìdílé ọlọ́ba ti ń jẹ ní ìtẹ̀léra, bí ọba bá wàjà, tọmọdé tàgbà ló mọ ìdílé tó kàn. Wọ́n mọ afọbajẹ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oyè rẹ̀ àti ojúlé rẹ̀, bí ó bá sì ṣe ohun tí kò tọ́, ojúlé yẹn náà ni wọn yóò ti bá a. (Oyè jíjẹ ní awuyewuye tirẹ̀, ilé ẹjọ́ tó wà ní Adó mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú.) Aṣojú ẹgbẹ́ ń kọ́? Ta ló yàn án ní wọ́ọ̀dù, lọ́jọ́ wo, níwájú ta ni? Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ní Ìgbàrà-Odò ni kò lè dáhùn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé oògùn rẹ̀ ni kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò fúnra wọn. APC ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkìtì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Ìbò 101,703 ni wọ́n kà fún Oyèbánjí, púpọ̀ nínú àwọn tó bá a díje sì ké gbàjarè pé òjóró ni. Wọ́ọ̀dù 177 ni Èkìtì ní. Bí ẹni pín iye yẹn dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bí 575 fún ẹnì kan ṣoṣo ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹfà tí gbogbo ìpínlẹ̀ dìbò, 187,057 ni APC rí. Ìyẹn ni pé ó lé ní ìdajì gbogbo ẹni tó dìbò fún ẹgbẹ́ náà tó ti kọ́kọ́ jáde tò ní oṣù kìn-ín-ní. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ará wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan mọ bí ìlà ti gùn tó lọ́jọ́ náà, àmọ́ ìwé orúkọ tí yóò fi wé e kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní yẹn kan náà, Bísí Kọ́láwọlé, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, gba àsíá PDP mọ́ Ṣẹ́gun Òní lọ́wọ́. Òní gba SDP lọ, ó sì rí ìbò 82,211, tí PDP fi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú 67,457. Ẹgbẹ́ kẹta lè fọ́ ògiri, ṣùgbọ́n gómìnà àná tó ní ọmọlẹ́yìn tirẹ̀ ni wọ́n fi fọ́ ọ. Nínú àwọn mẹ́ta tó ṣíwájú lọ́dún náà, kò sí ọmọ Gúúsù kankan.

Ẹgbẹ́ méjì péré kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ìjọba ológun Babangida ló dá SDP àti NRC sílẹ̀, tó fi owó ìlú kọ́ ilé ẹgbẹ́ sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Option A4, ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ní wọ́ọ̀dù tirẹ̀, lójú àwọn tó mọ̀ ọ́n, kó tó gòkè lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni MKO Abiọ́lá gbà dé ibi tó ti borí Bashir Tofa ní Kano, ìpínlẹ̀ Tofa fúnra rẹ̀, ní June 12, 1993. Ológun kan náà ló sì fagi lé ìbò náà.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ méjì ti ń jẹ gàba ju ti ibikíbi lọ, ìpínlẹ̀ Wisconsin ṣòfin ní ọdún 1903 tó gba ìdìbò abẹ́nú kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Àbùkù tiwọn pọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kò lè dá sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti ń forúkọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìjọba ló ń tọ́jú ìwé náà. Kò sí lábẹ́ ìrọ̀rí alága ẹgbẹ́.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022, ní abala 77, pàṣẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, kí wọ́n sì fi í lé INEC lọ́wọ́ ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán, ṣáájú ìdìbò abẹ́nú. Kò pàṣẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta. Bẹ́ẹ̀ INEC kan náà máa ń lẹ ìwé orúkọ olùdìbò síta, kí ará àdúgbò lè tọ́ka sí ẹni tó ti kú tàbí ẹni tí kò gbé ibẹ̀ rí. Bí wọ́n bá lẹ ìwé ti ẹgbẹ́ mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́ ní Ìgbàrà-Odò, wọ́ọ̀dù kan tẹ̀ lé òmíràn, ìyá tó ń ta gààrí níwájú ẹnu ọ̀nà yóò ti mọ àwọn orúkọ tó jẹ́ ti òkú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.