Wọ́n Gba Ife n'Íkẹ́nnẹ́, A Ò Gbọ́ n'Íkọ̀tún

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ obìnrin o, kí ìyàwó mi má bàa ju ìwé yìí nù kó tó kà á tán. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2025. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ti jẹun ọ̀sán, ni èmi àti ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bá mú ọ̀nà ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù nítòsí ọjà Ìkọ̀tún pọ̀n. Liverpool ló fẹ́ gba líìgì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́jọ́ náà, Tottenham sì ni ẹran tí wọ́n fẹ́ fi ṣọdún. Aago mẹ́rin àbọ̀ ni bọ́ọ̀lù yóò bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí aago mẹ́rin tó lù, bẹ́ńṣì ti kún. Àwọn kan jókòó lé ike ọ̀dà, àwọn kan dúró sẹ́nu ọ̀nà, ooru ń mú bí ẹni wà nínú ààrò, jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo lẹ́yìn ilé bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

A ò tíì jókòó dáadáa tí fóònù mi fi gbọ̀n nínú àpò. Bàámi ni. Mo wò ó, mo dá a padà sápò. Ta ló fẹ́ gbọ́rọ̀ nínú ariwo yẹn? Ní ìṣẹ́jú kejìlá, Solanke, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, kọ́kọ́ gbá a wọlé fún Tottenham. Àwọn ọ̀dọ́ hó yèè: “Ọmọ wa ni!” Ayọ̀ náà ò pẹ́. Liverpool dá márùn-ún padà. Udogie, tí òbí tirẹ̀ náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ìkarùn-ún sílé ara wọn. 5-1. Fóònù gbọ̀n lẹ́ẹ̀kejì, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta. Mi ò gbé e.

Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìkẹyìn, ńṣe ni Ìkọ̀tún dà bí ìgbà tí wọ́n mú iná dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, ẹnì kan bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń fì í lókè. Ọmọ mi ń jó. Èmi náà jó díẹ̀, mi ò ní purọ́.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo tó pe Bàámi padà.

“Wọ́n ti gbà á o, Àkànní,” ni wọ́n wí, ohùn wọn ń gbọ̀n.

“Mo mọ̀, Bàámi, ojú mi ló ṣe. Márùn-ún ni wọ́n fi nà wọ́n.”

“Márùn-ún báwo? Ẹyọ kan ni. 1-0.”

“Ṣé kì í ṣe Liverpool lẹ ń wí ni?”

Bàámi pòṣé. “Liverpool bàbá ta ni? Remo Stars! Wọ́n ti gba líìgì Nàìjíríà n'Íkẹ́nnẹ́!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dákẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Lọ́jọ́ kan náà, ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, ife méjì ni wọ́n gbà. Ọ̀kan wà lókè òkun, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ń fò fún wákàtí mẹ́fà kó tó dé. Ìkejì wà n'Íkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀, tí kò ju ìrìn wákàtí méjì lọ sí wa bí ọ̀nà bá ṣí. Ti òkun la gbọ́. Nínú gbogbo àwọn tó kún ilé ìwo-bọ́ọ̀lù yẹn, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ Ìkẹ́nnẹ́. Àlímọ̀ṣọ́ yìí náà rèé, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní 1,200,000 níbẹ̀. Nínú 20 ẹgbẹ́ tó gbá líìgì ńlá Nàìjíríà ní 2024 sí 2025, kò sí ọ̀kan tó ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ní gbogbo Èkó, Ikorodu City nìkan ló wà níbẹ̀, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá ni. Sporting Lagos tó gòkè ní 2023 ti já bọ́ ní 2024.

Kí ọ̀rọ̀ Bàámi tó lè yé yín, ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ohùn wọn fi gbọ̀n. Ọmọ Ìpẹru ni wọ́n, ní Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, ibẹ̀ ni ìfẹ́ IICC Shooting Stars sì ti wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Bí wọ́n bá ti mu ẹmu díẹ̀, ọdún 1976 ni wọ́n máa padà sí: bí Shooting Stars ṣe na Tonnerre ti Yaoundé 4-1, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Mudá Lawal, Best Ogedegbe nínú ilé: wọ́n á máa ka orúkọ wọn bí ẹni ń ki oríkì.

Èmi fúnra mi ò mọ 1976, wọn ò tíì bí mi. 1996 ni mo mọ̀. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàámi ti kó wa kúrò ní Múṣin wá sí Ìgándò, sínú ilé tí wọn ò tíì rẹ́, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ pákó. Shooting Stars ti na Zamalek 2-1 n'Íbàdàn, wọ́n wá lọ gbá ìkejì ní Káírò. Zamalek náà nà wọ́n 2-1, ó di pẹ́náritì. Gbogbo wa rọ̀gbà yí rédíò ká. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn bá ibi lọ, Bàámi ò pariwo, wọn ò ṣépè. Wọ́n pa rédíò, wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n yọ bátìrì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó o sápò bùbá wọn. Ẹ̀bà wọn tutù sórí tábìlì. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Shooting Stars tún gba líìgì ní 1998. Julius Berger ti Èkó gbà á ní 2000. Lẹ́yìn ìyẹn, ó parí fún ìhà wa. Enyimba ti Abá gbà á títí ó fi di mẹ́sàn-án, Kano Pillars gbà á, Rangers gbà á, àwa ń wò. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Julius Berger gbà á ti lè ní ọmọ tirẹ̀. Remo Stars, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Ní 2025, lábẹ́ Dáníẹ́lì Ògúnmọ́dẹdé tó jẹ́ kóòṣì wọn, wọ́n na Niger Tornadoes 1-0, ife sì di tiwọn nígbà tó ṣì ku bọ́ọ̀lù mẹ́ta nínú 38. Ẹgbẹ́ Rẹ́mọ fúnra rẹ̀ ni o, kì í ṣe ti Ìbàdàn tí Bàámi gbà tọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè mí kí n lè wá bá wọn gbọ́ ọ nínú rédíò. Àwọn nìkan ló jókòó sí Ìgándò, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé iṣẹ́ ìròyìn ni mò ń ṣe. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yẹn títí dé òpin rẹ̀, mo kọ nípa Salah, mo kọ nípa Arsenal, mi ò kọ ìlà kan nípa Ìkẹ́nnẹ́. Ẹ má bá mi di ẹ̀bi náà ru olóòtú. Èmi ni mi ò bèèrè.

Mo lọ bá ẹni tó ni ilé ìwo-bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kejì, mo ní kí ló dé tí kì í fi líìgì wa hàn. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ yá owó. “Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa sanwó wò ó?” Kò kúkú parọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni líìgì wa fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó bá wà nílé kì í fẹ́ gbà kí àlejò borí, tí wọ́n ń na rẹfirí, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ṣiṣẹ́ oṣù púpọ̀ láìgba owó. Ẹni tí wọ́n ti rẹ́ jẹ tó bẹ́ẹ̀ kò ní tètè padà sọ́jà yẹn.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Kúnlé Soname tó ni Remo Stars wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ Bet9ja sílẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ wa n'Íkọ̀tún, tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi Liverpool àti Barcelona ta tẹ́tẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ra búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì sí pápá Ìkẹ́nnẹ́ láì mọ̀.

Mo bẹ Bàámi. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àgbà ṣe ń wí pé òun ti gbọ́. Nítorí náà, nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, tí Remo Stars fẹ́ pàdé Mamelodi Sundowns ti Gúúsù Áfíríkà nínú ife àwọn agbaife ní Abẹ́òkúta, mo ní ká jọ lọ. Èmi, Bàámi àti ọmọ mi tó ń kùn bí oyin wọkọ̀ n'Íyànà-Ìpájà, a gba Ṣàngó, a gba Ìfọ̀, ó di Kútọ̀. Bàámi gbé rédíò wọn dání wọ pápá. Wọ́n ní ojú àwọn kò tó nǹkan, kí etí lè ràn án lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí léèrè púpọ̀. Àwọn Sundowns yẹn ti gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Dortmund àti Fluminense l'Ámẹ́ríkà nínú oṣù Kẹfà. Wọ́n wá sí Abẹ́òkúta bí ẹni wá gba gbèsè. 5-1 náà ni. Nígbà tí tiwa ẹyọ kan náà wọlé, Bàámi dìde dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n di ọmọ mi lọ́rùn mú, àwọn méjèèjì ń ké. Ọmọ náà tó ti ń kùn láti Ìyànà-Ìpájà ni mo rí tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú nígbà tí ìkarùn-ún wọlé.

A bá gósúlóò pàdé n'Ífọ̀ nígbà tí à ń padà. Ilẹ̀ ti ṣú. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ń wo ọwọ́ Bàámi lára rédíò, mo ń retí ìgbà tí wọ́n máa ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn ò ṣí i. Wọ́n gbé ohùn rẹ̀ sókè, wọ́n sì ní kí ọmọ mi sún mọ́ àwọn, pé wọ́n fẹ́ ka èsì bọ́ọ̀lù.