Ẹ̀rọ Kì Í Wojú Ẹni: Ìdí Tí Mi Ò Fi Lè Fi Streetcleaner Sílẹ̀

1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá ibi fìdí lé o, thread gígùn ni. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àwo orin kan tó jáde ní 1989, tí wọ́n tún un tẹ̀ jáde ní 2010, tí àwọn tí wọn ò tíì bí lọ́dún 1989 sì ń gbọ́ títí dòní. Èmi náà wà lára wọn. Streetcleaner lorúkọ rẹ̀. Godflesh ló ṣe é. Heavy metal ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rò lọ́kàn.

2. Kí ẹnì kan tó bi mí pé kí ló kan ọmọ Yorùbá nínú ariwo òyìnbó, ẹ mú sùúrù. Birmingham ni mò ń gbé, ìlú tí ẹgbẹ́ olórin yìí ti jáde gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní wíáhaòsì kan níbí. Orin yìí ló kọ́kọ́ sọ ohun tí iṣẹ́ yẹn ń fi ara mi ṣe, kí èmi fúnra mi tó rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́.

3. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìlú náà. Ibẹ̀ ni Black Sabbath ti wá. Ọmọ ọdún 17 ni Tony Iommi, tó ń ta gìtá fún wọn, nígbà tí ẹ̀rọ gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ nílé iṣẹ́ irin. Ọwọ́ yẹn sì ló fi ń tẹ okùn gìtá, torí ọlọ́wọ́ òsì ni. Ó yọ́ ike, ó fi ṣe fìlà fún ìka méjèèjì. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn gìtá rẹ̀ kó lè rọrùn láti tẹ̀. Lára ibẹ̀ ni ohùn wíwúwo yẹn ti wá. Ṣé ẹ rí i? Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ti fọwọ́ kan orin yìí.

4. Ọmọ Birmingham náà ni Justin Broadrick, tí òun àti G.C. Green dá Godflesh sílẹ̀. 1969 ni wọ́n bí i. Kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó ti ta gìtá ní ojú kìíní àwo Scum, ti Napalm Death, tó jáde ní 1987. Ó tún ti lùlù fún ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Head of David. Ẹ gbọ́ o, onílù ni. Ó mọ ìlù lù. Àmọ́ nígbà tí Godflesh bẹ̀rẹ̀ ní 1988, wọn ò wá onílù kankan. Ẹ̀rọ ni wọ́n gbé síbẹ̀.

5. Alesis HR-16 ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Àpótí pẹlẹbẹ kan báyìí ni, bọ́tìnnì ló kún orí ẹ̀. Ẹ ó tẹ ohun tí ẹ fẹ́ kó lù sínú ẹ̀, á sì máa lù ú títí ayé tí iná ò bá ti lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn máa ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe bí ẹni pé onílù wà ńbẹ̀. Godflesh ò ṣe bí ẹni kankan. Wọ́n jẹ́ kó dún bí ẹ̀rọ, gbì, gbì, gbì, bí irin tó ń já lu irin.

6. Ẹ rò ó wò báyìí. Tí ẹ bá lọ òde àríyá nílé, onílù ń wojú yín. Tó bá rí i pé ó ti rẹ̀ yín, á rọra. Tó bá fura pé owó wà lápò yín, á ki oríkì yín títí ẹ ó fi mú un jáde. Àwọn àgbà ní ìlù tó bá dún àdúnjù, fífàya ló kù. Ohun tí mo gbọ́ nínú òwe yẹn ni pé awọ ló wà lójú ìlù, awọ sì mọ ibi tí agbára òun mọ. Ẹ̀rọ yẹn ò lawọ. Kò lè fàya. Kì í wojú ẹnikẹ́ni.

7. Ẹ gbọ́ “Like Rats”, èyí tó ṣáájú nínú àwo náà. Kò sáré rárá. Láyé ìgbà yẹn, eré àsápajúdé làwọn Napalm Death ń fi orin sá. Broadrick kúrò níbẹ̀, ó lọ dẹ ẹsẹ̀ dúró. Báàsì Green ń kùn bíi ẹ́ńjìnnì tírélà tó ń gun òkè. Ohùn Broadrick náà, ẹ ó ṣe bí ẹni pé wọ́n ń fi okùn fà á jáde láti ìsàlẹ̀ àyà. Kò sí ibi ìsinmi. Orin míì á ṣe yín bíi kí ẹ fò. Èyí á ṣe yín bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ńtì lé yín léjìká.

8. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í kíyè sí i. Báàsì ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Gìtá ò tẹ̀ lé wọn. Ó ń ké, ó ń hu, ó ń fà ju ibi tó yẹ kó parí sí lọ. Nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹnì kan ti gbà fún ẹ̀rọ, ẹnì kejì ń jà. Ìjà yẹn ni àwo náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí ẹ bá yọ èèyàn méjì yẹn kúrò, ariwo lásán ló kù.

9. Ẹ wá wo ibi iṣẹ́ mi. A máa ń de ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọwọ́. Òun ló ń sọ ibi tí a ó lọ, ẹrù tí a ó mú, àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó yẹ kó gbà wá. Tẹ́ ẹ bá pẹ́, ó mọ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ tọ̀, ó mọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ ń dùn yín, tàbí pé ọmọ yín ń ṣàìsàn nílé. Kì í ṣe pé ó burú o. Kò wulẹ̀ lójú ni.

10. Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn tó o. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹrù já lu obìnrin kan lésẹ̀ ní ọ̀nà tó tẹ̀ lé tiwọn. Ẹ̀gbọ́n dá iṣẹ́ dúró, wọ́n gbé ẹrù náà kúrò, wọ́n jókòó ti obìnrin náà títí ẹni tó ń tọ́jú èèyàn fi dé. Bóyá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀rọ ọwọ́ wọn ka ogún ìṣẹ́jú yẹn sí ìmẹ́lẹ́.

11. Ó ti dẹ̀ kù díẹ̀ káàtó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n jókòó bi wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà.” Wọ́n ní, “Àbúrò, ta la fẹ́ kọ ọ́ sí? Kọ̀ǹpútà ló lé mi.”

12. Gbólóhùn yẹn ò kúrò lọ́kàn mi di báyìí. Nínú bọ́ọ̀sì àárọ̀ ọjọ́ yẹn, Streetcleaner ló wà létí mi, mo sì gbọ́ gìtá yẹn bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí. Ẹ̀gbọ́n gan-an ló ń hu lára ẹ̀rọ yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni gìtá yẹn ń ṣe: ó kọ̀ láti bá ìlù náà rìn, ó dúró síbi tí nǹkan ti ń dun èèyàn.

13. Màmá mi pè mí lórí fídíò lọ́jọ́ kan tí mo ń gbọ́ ọ nínú yàrá. Wọ́n ní, “Àlàbí, ṣé ibi iṣẹ́ lo ṣì wà ni? Kí ló ń lu irin bẹ́ẹ̀ yẹn?” Mo ní, “Rárá mà, orin ni.” Wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹ́tí sí i díẹ̀. Wọ́n ní, “Orin rèé? Ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ti fi iṣẹ́ jẹ ẹ́ níyà rí.” Wàláì, mo ti gbọ́ káwọn tó mọ̀ nípa metal sọ̀rọ̀ nípa àwo yìí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ tó Màmá.

14. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń ní orin òyìnbó ni: Broadrick ti sọ pé ìlù “Microphone Fiend” ti Eric B. & Rakim ni òun ń gbìyànjú láti ṣe nínú “Christbait Rising”. 1988 ni orin yẹn jáde. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú New York ló kọ́ ọmọkùnrin Birmingham bí wọ́n ṣe ń mú ẹ̀rọ kó lùlù tó ń mi orí. Ẹ fi méjèèjì síwájú ara wọn kí ẹ gbọ́ ọ. Orí yín á mì, láìka gbogbo ìbànújẹ́ inú rẹ̀ sí.

15. Mi ò ní kí ẹ má rí àléébù ẹ̀. Inú fíìmù Altered States ti 1980 ni wọ́n ti mú àwòrán èèpo rẹ̀, àwọn èèyàn tí wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú nínú iná. Sister kan nínú fellowship wa rí i lórí fóònù mi, ó ní, “Brother, ẹ̀mí wo lèyí?” Mo lóye ẹ̀. Orin náà ò fún yín ní ìrètí kankan. Tí inú yín bá bàjẹ́ gan-an lónìí, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ míì. Èmi náà kì í gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

16. Ó yá, àtúntẹ̀ 2010 wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àtúntẹ̀, owó lásán ni wọ́n ń wá. Wọ́n á yí èèpo padà, wọ́n á gbówó lé e. Èyí yàtọ̀, torí síídì kejì wà níbẹ̀: démò, ìgbà tí wọ́n ń dánra wò, ìgbà tí wọ́n ṣeré níwájú èrò, àti bí apá kan nínú àwo náà ṣe rí kí wọ́n tó tún ohùn rẹ̀ tò. Ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀nà. Ohun tó ń dún bí ẹ̀rọ yẹn, ọwọ́ èèyàn ló ń tún un ṣe látọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn nìkan tó owó ẹ̀.

17. Godflesh tú ká ní 2002, wọ́n padà wá ní 2010. Ní 2011, wọ́n ṣe gbogbo Streetcleaner láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin níbi àjọ̀dún Roadburn ní Tilburg, ní Netherlands, wọ́n sì gbé e jáde lẹ́yìn náà. Purge, àwo wọn kan, dé ní 2023. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá bíi Fear Factory gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ lójú tèmi, ọ̀pọ̀ tó wá lẹ́yìn gbé ẹ̀rọ, wọ́n gbàgbé èèyàn. Ohùn wọn mọ́ jù. Kò sẹ́ni tó ń jà níbẹ̀ mọ́.

18. Kí ló wá dé tí kò fi gbó? Èrò tèmi rèé. Ní 1989, tí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa ka ìṣísẹ̀ yín, ilé iṣẹ́ lẹ ó lọ. Lónìí, àpò yín ló wà. Iye like, iye view, iye èèyàn tó ń tẹ̀ lé yín, iye ìgbésẹ̀ tí ẹ rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka thread yìí, nǹkan kan ń ka bí ẹ ṣe pẹ́ tó lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ Birmingham méjì ti kọ bó ṣe ń ṣe ara kí ó tó dé ọwọ́ wa.

19. Ẹ̀gbọ́n ti rí iṣẹ́ míì, wọ́n ń wa bọ́ọ̀sì àwọn arúgbó. Wọ́n ní owó ẹ̀ ò tó tàná, àmọ́ àwọn èèyàn ń dúpẹ́ tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi ṣì wà ńbẹ̀, ilé ń gba owó, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tó yí padà ni pé tí ẹrù bá já lu ẹnikẹ́ni nítòsí mi, mo ń dúró. Mo ti gba lẹ́tà ìkìlọ̀ kan lórí ẹ̀. Ó wà nínú dírọ́ọ̀ mi. Tí èkejì bá dé, á bá a níbẹ̀.

20. Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti òkè. “Christbait Rising” ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, kí ẹ lo íápíìsì tó dáa, kí ẹ má sì fi ṣe orin ìdáná. Ẹ wá báàsì, ẹ wá ẹ̀rọ, kí ẹ wá gìtá tó ń ṣagídí yẹn. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀ ibí, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ jọ níbi iṣẹ́ yín? Mo ń ka gbogbo ẹ̀ o.