Àmánà Tí Ó Wà Nínú Àkọsílẹ̀ Wa



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ìyá àgbà kan wá bá wa. Wọ́n fẹ́ mọ nọ́mbà sàréè ọkọ wọn, nítorí àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ láti Nàìjíríà wá ṣe àdúà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ́sálásí wà lọ́dọ̀ alátùn-únṣe, ṣùgbọ́n a ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wa nínú fláàṣì. Nígbà tí a ṣí i, orúkọ ọkọ wọn kò sí níbẹ̀. Ẹ̀dà náà gé láàárín bí okùn tí ó já. Ojú tì wá gidigidi.

Ètò tí fláàṣì náà ń lò, FAT32, kì í gba ẹyọ fáìlì kan tí ó bá tó gígábáìtì 4, nítorí àyè tí ó fi ń kọ títóbi fáìlì sílẹ̀ kò lè gba iye tí ó ju báìtì 4,294,967,295 lọ. Ìbáà jẹ́ pé àyè ṣì pọ̀ nínú fláàṣì, bákan náà ni. Àkọsílẹ̀ yìgì, ìsìnkú àti sàká wa, pẹ̀lú àwòrán ìwé tí ó wà nínú rẹ̀, ti kọjá bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni a ń ṣe ẹ̀dà. A kò ṣí i wò rí.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ló tọ́ wa sọ́nà. A lè tún fláàṣì náà tò sí exFAT, ṣùgbọ́n èyí yóò pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Fífún àkọsílẹ̀ náà pọ̀ nìkan kò tó, nítorí àwòrán kì í sábà fún mọ́. Nítorí náà, ó fi àṣẹ split gé e sí gígábáìtì kọ̀ọ̀kan, tí orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn. Àṣẹ cat ni yóò so wọ́n pọ̀ padà. Ó tún fi sha256sum ṣe àmì ìdánimọ̀, kí a lè mọ̀ bóyá ohun tí a so pọ̀ bá ti ìpilẹ̀ mu. Bí ègé kan bá sọnù, àkọsílẹ̀ náà kò pé mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí rán wa létí Zaid ọmọ Thábit, Sàhábé tí Kálífà Abú Bákírì ní kí ó kó Àlùkùránì jọ lẹ́yìn ogun Yamámà. Ó há a sórí fúnra rẹ̀, síbẹ̀ kò gbára lé ìyẹn nìkan. Ó fi ohun tí a kọ sílẹ̀ wé ohun tí àwọn ènìyàn há sórí. Àwa ní ẹ̀dà lọ́wọ́, a kò fi í wé ohunkóhun.

Kọ̀ǹpútà náà padà dé, ìyá náà sì rí nọ́mbà wọn gbà. Àánú Ọlọ́hun ni, kì í ṣe ọgbọ́n wa. Láti ìgbà náà, oṣooṣù ni a ń so àwọn ègé náà pọ̀ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, tí a sì ń wá orúkọ ẹnìkan nínú rẹ̀. Orúkọ ọkọ ìyá náà ni a kọ́kọ́ wá.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí í ṣọ́ àmánà. Àmín.